Ọkọ̀ Màmá Àgbà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà máa ń rò pé asáré ni. Ó kúrú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, imú rẹ̀ rí róbótó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọra dà wálẹ̀ bí omi tó ń ṣàn. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kéré débi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá gan-an gbọ́dọ̀ ká ẹsẹ̀ kò kó tó gbà á. Karmann Ghia ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ghia ní ìlú Turin, ní Ítálì, ló ya àwòrán rẹ̀, ilé iṣẹ́ Karmann ní Osnabrück, ní Jámánì, ló ṣe ara rẹ̀, Volkswagen sì ń tà á láti 1955 títí di 1974. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: ẹ́ńjìn ìjàpá ló wà níbẹ̀. Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, èyí tí àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà kan. Agbára ẹṣin 44 ni ẹ́ńjìn ti ọdún 1969 ní. Ọkọ̀ yìí múra bí ẹni tó fẹ́ sá eré ìje, ìrìn ahun ló sì ń rìn. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ jù nìyẹn.

Ti Màmá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá mi. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé “mọ́tò Bàbá” ni gbogbo àdúgbò wa ní Òkè-Àdó, n’Ìbàdàn, ń pè é, bí ẹni pé obìnrin kì í ra mọ́tò. Màmá lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London ní 1963. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe jù. Owó òru yẹn ni wọ́n tọ́jú díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n fi ra Karmann Ghia tuntun ní 1969. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n padà wálé. Aureol, ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Liverpool sí Èkó nígbà náà, ló gbé wọn dé Àpápá: Màmá, ọkọ wọn, ọmọ méjì, àti mọ́tò. Ìwé mọ́tò náà ṣì wà nínú àpótí aṣọ wọn títí dòní. Orúkọ wọn ló wà lórí rẹ̀.

Ọdún 17 ni wọ́n fi wà á lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó di 1987, ó dúró. Ọdún kan ṣáájú ni ìjọba gbé ètò SAP jáde, náírà já wálẹ̀, ohun èlò ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun wá sì di ohun tí owó oṣù nọ́ọ̀sì kò ká mọ́. Wọ́n tì í sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, wọ́n da tapólì bò ó, wọ́n ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ yẹn gba ọdún 36. Máńgòrò ń já lù ú lórí. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Èmi náà, nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń jókòó sínú rẹ̀, n ó máa pariwo “Èkó kan! Èkó kan!” bí kọ̀ndọ́.

Ní ìpàdé ẹbí tí à ń ṣe lẹ́yìn Kérésìmesì ni Dádì Bódìjà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin síwájú ilé, kí owó rẹ̀ lè máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá lóṣooṣù. Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni ṣọ́ọ̀bù kẹta àti ìkẹrin yóò bọ́ sí. Àwọn tó ń ra irin ti wá wo ọkọ̀ náà, wọ́n ti dá iye lé e. Bàbá mi ní kí á kúkú tì í sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Dádì Bódìjà ní ẹ̀gbẹ́ ilé ni tánkà omi ń gbà dé ẹ̀yìnkùlé, ọkọ̀ tó bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lọ́nà nìkan ló lè sùn síbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. N kò tíì rí ẹni tó lè jiyàn pé òkú mọ́tò ṣe pàtàkì ju oògùn lọ, bàbá mi náà kò sì jiyàn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni, ọwọ́ wọn dilẹ̀. “Ẹ fún mi ní ọdún kan, Bọ̀dá mi,” ni wọ́n wí.

Dádì Bódìjà wò wọ́n títí. “Ọdún kan. Tí kò bá fi ẹ́ńjìn ara rẹ̀ jáde ní géètì yìí kí á tó ṣe ìpàdé ọdún tó ń bọ̀, onírin ló ni ín.”

Màmá mi kò sọ nǹkan kan níbi ìpàdé. Nínú yàrá ni wọ́n ti sọ ọ́, mo sì gbọ́ ọ láti pálọ̀. Òrùlé ń jò. Owó ìdánwò WAEC mi ń bọ̀ lọ́nà. “Owó ìfẹ̀yìntì kò ju báyìí lọ, Bàbá Àjọkẹ́, òkú lẹ sì fẹ́ fi jí dìde.” Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, màmá mi ra ìwé kan, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́: gbogbo kọ́bọ̀ tó bá wọ inú ọkọ̀ náà, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Bàbá mi fi iṣẹ́ kejì kún un. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá tú, èmi ni n ó máa kó o sínú ọ̀rá, tí n ó kọ ibi tó ti wá lé e lórí. Nígbà tí iṣẹ́ wọra, ọ̀rá náà ti ju 100 lọ, wọ́n kún agolo Bournvita ńlá mẹ́ta. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni, àmọ́ ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti tú ọkọ̀ palẹ̀ rí: nọ́ọ̀tì tí a kò mọ ibi tó ti jáde ń dá iṣẹ́ dúró ju ẹ́ńjìn tó bàjẹ́ lọ.

Mẹkáníìkì tí bàbá mi wá rí ti lé ní ẹni 60 ọdún. Bàbá Ìjàpá ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, nítorí pé ọkọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ń tún ṣe, wọn kì í fọwọ́ kan òmíràn. Ọmọdé ni wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ní 1975, nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Badagry, tí ìjàpá sì wá pọ̀ nígboro bí eṣú. Wọ́n yí Karmann Ghia náà po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kúnlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìjàpá tó wọ aṣọ ìyàwó,” ni wọ́n wí. “Ẹ́ńjìn kò já mọ́ nǹkan kan. Aṣọ yìí ni yóò dà yín láàmú.”

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ́ńjìn ọkọ̀ náà kì í mu omi. Kò ní rèdíétọ̀. Fáànù kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, òun ni kò ṣe ń gbóná jù. Nọ́ọ̀tì ńlá mẹ́rin péré ló so ó mọ́ jíà. Tí a bá ti tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a sì yọ àwọn wáyà àti okùn epo, a lè fi jáàkì sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ìwúwo rẹ̀ lé díẹ̀ ní àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Nígbà tí a tú ìbòrí fáànù, itẹ́ eku la bá níbẹ̀, ó tóbi tó ìrọ̀rí ọmọdé: èèpo ẹ̀pà, òwú ìjókòó, àti ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tí déètì 1991 ṣì hàn lára rẹ̀. Bàbá Ìjàpá ní ká ní a ti ṣáná sí i láìtú ibẹ̀, atẹ́gùn kò bá tí ráyè kọjá, ẹ́ńjìn ì bá sì ti jóná láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ ṣeé yí. Ó ti gan. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n da dísù tí wọ́n lú mọ́ ọ́lì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń lọ wò ó bí ẹni tó ń lọ kí aláìsàn. Ní ọjọ́ kẹwàá, Bàbá Ìjàpá ki súpánà bọ nọ́ọ̀tì púlì, wọ́n ki páìpù gígùn bọ ẹ̀yìn súpánà, wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́. Kò mì. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan dún kẹ̀ nínú irin, páìpù náà sì rọra lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń jí lójú oorun. Ariwo tí bàbá mi pa, Màmá Àgbà gbọ́ ọ lókè. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, “Ta ló bímọ?”

Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, owó tí mo ń kọ sínú ìwé kò pọ̀ jù. Ní Ararọ̀mí, ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Gate, a rí púlọ́ọ̀gì, bẹ́lítì fáànù àti okùn kílọ́ọ̀ṣì. Kábúrétọ̀, Ládípọ̀ ní Èkó ni bàbá mi ti rí i. Gbogbo rẹ̀, ti ìjàpá ni, ó sì wọlé wẹ́kú. Mo ti ń rò pé ọdún kan yóò tó wa lò.

Aṣọ ìyàwó ló kù.

Tí ẹ bá gbá mọ́gáàdì ìjàpá mọ́lẹ̀, ẹ lè tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, kí ẹ sì de òmíràn mọ́ ọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣeé tú. Karmann Ghia kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Osnabrück, ńṣe ni wọ́n jó àwọn páànù rẹ̀ pọ̀, wọ́n yọ́ òjé sí ojú ibi tí wọ́n ti jó o, wọ́n sì fi ọwọ́ fá a títí ojú oríkèé kankan kò fi hàn mọ́. Ìdí tó fi rí bí omi tó ń ṣàn nìyẹn. Ìdí tí ìpẹtà rẹ̀ fi le náà nìyẹn: kò sí ẹyọ kan tí ènìyàn lè yọ kúrò kó fi òmíràn sí i. Pánẹ́bítà wa, tí à ń pè ní Bùọ̀dá Àáfà, fún mi ní òòfà tí wọ́n yọ lára sípíkà rédíò àtijọ́, wọ́n ní kí n fi aṣọ wé e kí n máa fà á kiri ara ọkọ̀. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, irin ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó bá ti já bọ́, fílà lásán ni. Mo fà á láti imú títí dé abẹ́ ilẹ̀kùn. Ní imú, ó lẹ̀. Lókè táyà òsì, ó lẹ̀. Nígbà tó dé abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, ó já bọ́, ó já bọ́, ó já bọ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi 23. Bàbá mi dúró, wọ́n ń ka àwọn àmì náà láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí a gbé kápẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ la rí. Mo ní ilẹ̀: yanrìn, èèrà, ewé máńgòrò. Páànù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti jẹ lọ. Bàbá Ìjàpá ní páànù ìjàpá wà lọ́jà, a sì rà á, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ Karmann Ghia fẹ̀ ju ti ìjàpá lọ. Bùọ̀dá Àáfà ló gé irin pẹlẹbẹ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti fi kún un. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe ìyẹn nìkan, ojú ewé tí mo kọ ọ́ sí nínú ìwé sì ni màmá mi máa ń ṣí wò jù. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn máa ń ṣí i, wọn a wò ó, wọn a pa á dé.

Bùọ̀dá Àáfà ló rí àwọn ihò náà. Wọ́n ń fá ìpẹtà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀tún, níbi tí ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀ máa ń na ẹsẹ̀ sí, ni wọ́n bá rí irin pelebe tí ẹnì kan ti jó dí ihò ńlá kan, àti àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n dí lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi bàbá mi bóyá kí wọ́n fá gbogbo rẹ̀ dànù. Bàbá mi gun òkè lọ bi Màmá.

“Ibi tí sitíárì mi wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn,” ni Màmá wí.

Mo ti gbọ́ ọ rí ní kíláàsì pé apá òsì ọ̀nà ni àwọn ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà nígbà kan, bíi ti ìlú Òyìnbó, àti pé ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni ìjọba yí i sí apá ọ̀tún. N kò mọ̀ pé ó kan ilé wa. Màmá ní ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Àjíǹde pàápàá, ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ti ń bọ̀. Gbogbo ìgboro ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin mọ́lẹ̀. Sitíárì wọn wà lápá ọ̀tún, ọ̀nà náà sì ti di ti ọ̀tún, wọn kò lè rí iwájú láti kọjá lára lọ́rì. Ọkọ wọn ló ń yọrí lójú fèrèsé òsì tó ń pariwo “Máa bọ̀! Dúró! Máa bọ̀!” títí wọ́n fi délé. Kí ọdún tó parí, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ bá oníṣẹ́ kan ní Mọ́kọ́lá, ó sì gbé sitíárì àti ibi ìtẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọdá sí òsì. Ṣùgbọ́n irin ni dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ yẹn, gígé rẹ̀ yóò gba owó púpọ̀. Màmá ní kí ó fi aago tó ń ka eré sílẹ̀ síbi tó wà.

Bí ó ṣe di pé ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún nìkan ló ń rí iye eré tí ọkọ̀ ń sá nìyẹn. Nígbà tí Dádì Bódìjà lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń gbé, bàbá mi ló ń jókòó síbẹ̀. Màmá yóò ní, “Eré mélòó?” Bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, yóò nà sókè wo aago: “Ọgbọ̀n, Màámi.” “Ó tó.” Tàbí: “Àádọ́ta, Màámi.” “Ṣé mo ti ń sáré ni? Ó dáa, má sọ fún bàbá rẹ.” Máìlì ni aago náà ń kà, nítorí ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti rà á.

Bàbá mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní kí Bùọ̀dá Àáfà má fọwọ́ kan àwọn ihò náà, kí aago sì wà níbi tó wà. Bàbá Ìjàpá ní kò bójú mu, pé ohun tí àwọn lè gbé sọdá ní ọjọ́ kan ni. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ní tèmi, mo rò pé Bàbá Ìjàpá ló tọ̀nà bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ fún lílò là ń tún ṣe. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ fura pé kì í ṣe òun là ń tún ṣe.

Ní oṣù kẹsàn-án, a ṣáná sí i. Ẹ́ńjìn náà ké, ó wúkọ́, ó sì dúró lórí ohùn kan, ohùn ìjàpá tí ènìyàn lè dá mọ̀ láti òpópónà kejì. Màmá Àgbà pàtẹ́wọ́ lójú fèrèsé. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tó ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó gbóòórùn bẹntiróò. Róbà tó gbé epo wọ kábúrétọ̀ ti yọ díẹ̀, epo ń ta sórí irin gbígbóná, iná sì sọ. Ọmọkùnrin kan ní ilé kejì fo ògiri pẹ̀lú báásí omi. Bàbá Ìjàpá kígbe mọ́ ọn bí ẹni tó rí olè: “Omi kọ́! Omi kọ́! Yanrìn!” Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n ti ní kí á gbé garawa yanrìn méjì sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́, èmi sì ti rò pé àṣà àgbàlagbà lásán ni. Omi ń gbé bẹntiróò tó ń jó kiri ni, èyí kò ṣòroó mọ̀. Èkejì ni n kò mọ̀: àpótí ẹ́ńjìn Volkswagen àtijọ́ kì í ṣe irin lásán, magnesium pọ̀ nínú rẹ̀. Àwa tó ń ṣe Chemistry mọ magnesium, òun ni tẹ́ẹ́rẹ́ tí tíṣà máa ń sun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gún ojú. Tí iná bá ti ràn mọ́ ọn pẹ́nrẹ́n, tí ènìyàn wá da omi sí i, ńṣe ni yóò bú gbàmù.

Yanrìn pa iná náà. Yanrìn náà ló sì wọ inú kábúrétọ̀, tó wọ inú fáànù, tó wọ gbogbo ibi tí a ti fi oṣù mẹ́fà nù. Ẹ́ńjìn gbọ́dọ̀ tún sọ̀kalẹ̀, kí á sì tú u palẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló kù kí ìpàdé tó pé, owó tó kù kò sì pọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn bàbá mi kò jẹun. Wọ́n ní bó bá dilẹ̀ àwọn yóò pe Dádì Bódìjà, kí onírin wá gbé e. Màmá mi, tí mo rò pé inú wọn yóò dùn, kàn gbé oúnjẹ náà bò. Màmá Àgbà ní kí n fa àwọn sọ̀kalẹ̀ wá sí pálọ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n, ó sì pẹ́ kí á tó dé ìsàlẹ̀.

“Nítorí ta lo ṣe ń tún ọkọ̀ yìí ṣe?”

“Nítorí yín ni, Màámi.”

“Irọ́ ni. Ojú mi kò ríran wakọ̀ mọ́. Orúnkún mi kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Mo wa ọkọ̀ mi tẹ́rùn kí n tó pa á tì, n kò sì sunkún nígbà náà. Tó bá jẹ́ nítorí mi ni, pe onírin. N kò ní bínú, máa fi owó rẹ̀ ra oògùn fún mi.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ padà jókòó síbi tí o máa ń jókòó sí, sọ bẹ́ẹ̀, kí ìyàwó rẹ lè mọ ohun tí ó ń náwó sí.”

Bàbá mi kò fèsì. Ẹni ọdún 55 ni wọ́n, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn bí ọmọ tí wọ́n bá níbi tí ó ti ń jí ẹran jẹ. Èmi kò mọ̀ rí pé bàbá ènìyàn lè fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Màmá mi ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ṣí oúnjẹ náà padà, wọ́n gbé e ka iwájú bàbá mi, wọ́n ní, “Ẹ jẹun.”

Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ìró súpánà ló jí mi.

N kò ní fi gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn dá yín lágara. Àwọn ọ̀rá nọ́ọ̀tì mi ló gbà wá, nítorí pé ìtúpalẹ̀ kejì kò gba ìdajì àkókò ti àkọ́kọ́. Bíréèkì gba ọ̀sẹ̀ méjì, ríwáyà gba ọ̀sẹ̀ kan. Màmá mi fi kún owó náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ní kí n kọ orúkọ wọn síwájú rẹ̀ gàdàgbà. Owó ọ̀dà kò sí. Bùọ̀dá Àáfà fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ kùn ún, èyí tó ní àwọ̀ eérú, wọ́n ní yóò dáàbò bò ó títí owó yóò fi dé. Róbà ojú fèrèsé kò sí ní ọjà kankan tí a dé, torí Karmann Ghia kò wọ ilẹ̀ wa bí ìjàpá ti wọ̀ ọ́. Tí òjò bá rọ̀, a ń gbé abọ́ sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ìwé ọkọ̀ ti pé, òjò kò sì sí. Dádì Bódìjà dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n gbé mọ́tò tiwọn kúrò lẹ́nu géètì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Bàbá mi jókòó sí ìdí sitíárì. A gbé Màmá Àgbà sí apá ọ̀tún, ó sì gba ènìyàn mẹ́ta, nítorí pé ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀ gan-an. Èmi ká ara mi kò sẹ́yìn bí aṣọ. Màmá mi dúró lójú ilẹ̀kùn ilé, wọ́n ní àwọn ń se ìrẹsì lórí iná, àwọn kò wọ̀. Wọn kò tíì wọ̀ ọ́ dòní.

Ọkọ̀ náà ké, ó wúkọ́, ó jáde ní géètì. Dádì Bódìjà fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wa dé títì, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn, wọ́n ń wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan kan ń jò. A yà sí ọ̀tún. A kọjá ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lọ ata, àwọn ọmọdé ń pariwo, ọlọ́kadà kan bá wa rìn díẹ̀ ó sì gbé àtàǹpàkò sókè. Atẹ́gùn ń wọlé níbi tí róbà kò sí. Bàbá mi kò wo ọ̀tún, wọn kò wo òsì.

“Màámi,” ni wọ́n wí, “eré mélòó?”

Màmá na ọrùn, wọ́n sún mọ́ aago náà, wọ́n tún sún mọ́ ọn sí i.

“Òdo.”

Mo nà láti ẹ̀yìn wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká wọn. Òótọ́ ni. Ọwọ́ aago náà kò mì rárá.

“Òdo ni o, Dádì,” ni mo wí, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi yí po ní ojú títì Mọ́lété, wọ́n ń sọ pé, “Ó tó. Ó tó bẹ́ẹ̀.”

Àwọn bíríkìlà ti wa ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ọkọ̀ ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ ilé, bàbá mi sì máa ń gbé e jáde tí tánkà omi bá dé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìpàdé, a tú táyà iwájú apá òsì, nítorí pé ibẹ̀ ni wáyà aago náà ti ń mú eré. Ó ti já sí méjì nínú róbà rẹ̀. Mo ṣí ìwé màmá mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀: wáyà aago eré, ọ̀kan.